Lẹ́tà Kejìlélógójì

Reijo, fa àga súnmọ́ fèrèsé, kí o jókòó.
Odò Aura ti dì gbagidi nísàlẹ̀ yẹn,
ó dákẹ́ bí ẹni tí wọ́n kọ lẹ́tà sí.
Kọfí rèé. Má fi ṣúgà sí i, dókítà rẹ ti sọ̀rọ̀.
Lẹ́tà mọ́kànlélógójì lo ti kọ láti ìgbà tí ewé ti ń pọ́n,
ìdáhùn kan ṣoṣo kò wá,
o wá ń wo fóònù bí ẹni ń ṣọ́ ìkòkò tí kò fẹ́ hó.

Jẹ́ kí n jẹ́wọ́ fún ọ, aládùúgbò.
Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi jókòó
ní ilé iṣẹ́ bísíkíìtì ẹ̀yìn ibùdó reluwé,
tí mo ń ka lẹ́tà àwọn tó ń wáṣẹ́.
Èmi ni ìdákẹ́jẹ́ tí ẹ̀ ń bú.
Iṣẹ́ ẹnì kan, igba lẹ́tà ó lé méjìlá;
kí n tó ka ogún, ó ti rẹ̀ mí,
nígbà tí mo bá fi ka ọgọ́rùn-ún, orúkọ gbogbo wọn ti di ọ̀kan.
Ìgbà mìíràn, ọ̀gá ti fún àbúrò ìyàwó rẹ̀ níṣẹ́
kí yíǹkì ìkéde tó gbẹ.
A ṣì gba lẹ́tà yín. A fi rọ́bà dì wọ́n,
mo gbé wọn lọ sí yàrá abẹ́ ilẹ̀,
níbi tí omi páìpù ti ń kán tó, tó, tó.
Nítorí náà, má sọ pé ẹ̀bi rẹ ni gbogbo rẹ̀.

Ṣùgbọ́n mú èyí wá kí n wò ó.
“Mo jẹ́ òṣìṣẹ́ aláápọn. Mo lè bá ẹnikẹ́ni ṣiṣẹ́ pọ̀.”
Reijo, ta nìyí?
Ajá mi pàápàá, aláápọn ni.
Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ;
ìwọ sọ ọmọ mọ́kànlélógójì ní orúkọ kan ṣoṣo,
o sì ń bínú pé o pè, kò sí èyí tó dá ọ lóhùn.
Wo ibí: àwọn ará Rauma lo kọ̀wé sí,
àwọn ará Naantali lo kí!
Má rẹ́rìn-ín.
Ó dáa, rẹ́rìn-ín.

Sọ ohun kan tí o ṣe fún mi, nígbà tí o ṣì ń jó irin.

Ó dákẹ́. Ó ń yí ife lọ́wọ́.
Ó ní páìpù kan là nínú ikùn ọkọ̀ ojú omi,
ó ku ọjọ́ méjì kí ọkọ̀ ṣí,
ibẹ̀ há tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọ̀dọ́ kọ̀ láti wọ̀ ọ́.
Ó fi ẹ̀yìn lélẹ̀, ó wọ́ wọlé,
òru méjì, iná ń ta sí i nírùngbọ̀n,
ọkọ̀ sì ṣí ní agogo mẹ́fà àárọ̀ bí wọ́n ti wí.

Mo gbá tábìlì. Níbo ló wà nínú lẹ́tà?
“Ìyẹn? Iṣẹ́ lásán ni.”
Ẹni bá dákẹ́, Reijo, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.
Kọ páìpù yẹn. Kọ òru méjì. Kọ agogo mẹ́fà.
Kọ ọ́ sókè pátápátá, kí ó tó rẹ ẹni tó ń kà á.
Wádìí orúkọ ẹni náà, kí o fi kí i;
wádìí ohun tó ń jò lọ́dọ̀ wọn,
kí o sọ pé o ti dí irú rẹ̀ rí.
Ife ẹ̀yẹ tí o gbà nídìí ẹja pípa, fi í sílé.

Ó kọ ọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú
(níbí, agogo mẹ́ta ọ̀sán ni ilẹ̀ ń ṣú),
ó pa á rẹ́, ó tún un kọ.

Ọjọ́ kọkànlá, ó kan ilẹ̀kùn, ó na ìwé sí mi.
Rárá ni. Wọ́n ti rí ẹlòmíràn.
Ṣùgbọ́n ẹnì kan fọwọ́ sí i, Aune Lehtovaara,
ó ní páìpù yẹn kò kúrò lọ́kàn òun,
kí ó tún kọ̀wé bí yìnyín bá yọ́.
Reijo kà á sí mi létí lẹ́ẹ̀mẹta,
ó ní rárá tó ní orúkọ, òun lè gbé e mì.
Ó wá béèrè ṣúgà.
Mo gbé agolo rẹ̀ fún un.